Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Ilé Tí Kò Dúró De Wáyà

Ní Òṣogbo, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni ibùdó kan wà tí wọ́n ti ń ṣọ́ gbogbo iná mànàmáná tó ń rìn lórí wáyà ńlá Nàìjíríà. National Control Centre lorúkọ ibẹ̀. Tọ̀sán tòru làwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wò ó bóyá iná tí àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá ń tú jáde ṣe déédéé pẹ̀lú èyí tí àwọn èèyàn ń lò. Bí ọ̀kan bá fi púpọ̀ ju ìkejì lọ, gbogbo rẹ̀ lè dà wó lẹ́ẹ̀kan náà, kí òkùnkùn sì bo orílẹ̀-èdè látòkè délẹ̀. Lọ́dún 2024 nìkan, ó dà wó ju ìgbà 10 lọ. Bí ọ̀nà bá dáa, ẹ ò ní lò tó wákàtí kan láti Gbọ̀ngán dé Òṣogbo. Ìyẹn ni pé ojú ibi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà ò jìnnà sí wa rárá. Síbẹ̀, ẹ gba àárín ìlú Gbọ̀ngán kọjá lónìí, ẹ ó rí ilé tó gbé pánẹ́ẹ̀lì sólà sórí páànù, tí wáyà iná sì na gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí okùn tí ẹnikẹ́ni ò sá aṣọ sí mọ́.

Báwo la ṣe dé bí a ṣe dé yìí? Èsì tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu ni pé ìjọba ò ṣe dáadáa. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Ìtàn iná tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé, ìtàn wáyà ni: ọdún tí wọ́n ri òpó, ọdún tí wọ́n kọ́ ìdídò omi, ọdún tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ọdún tí wọ́n tà á. Ìtàn kan tún wà lábẹ́ ìyẹn tí a kì í sábà sọ. Òun ni pé nígbàkígbà tí ilé kan bá rí ọ̀nà gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ wáyà, kì í ṣe pé iná ti pọ̀ sí i ló fà á. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi iná ṣe ló ti kọ́ bí a ṣe ń jẹun díẹ̀. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi òwe yẹn wo ìtàn náà.

Kí wáyà tó dé, gbogbo ilé nílẹ̀ Yorùbá ló ń dá iná ara rẹ̀ dá. Wọ́n á rọ epo pupa tàbí àdí sínú fìtílà amọ̀, wọ́n á ki òwú bọ̀ ọ́, wọ́n á ṣáná sí i. Níbi tí igi òrí ti pọ̀, òrí náà ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Igi ìdáná ń bọ̀ láti oko. Ọ̀pẹ tí wọ́n kọ ẹyìn lórí rẹ̀ lọ́dún yìí á tún so lọ́dún tó ń bọ̀. Oòrùn náà ò sì jókòó lásán. Òun ló ń gbẹ èlùbọ́, òun ló ń gbẹ ata, òun ló ń gbẹ aṣọ. Nígbà tí kòkó wá di ọrọ̀ agbègbè wa, oòrùn náà ló tún gba iṣẹ́ yẹn. Ẹ wá sí Gbọ̀ngán, Ìkirè tàbí Àpòmù lásìkò kòkó, ẹ ó rí i lórí ẹní, lórí tapólì, lórí sìmẹ́ǹtì iwájú ilé. Kòkó tí kò bá gbẹ dáadáa á bu, ẹni tó ń rà á ò sì ní gbà á. Ká sòótọ́, agbára oòrùn ti ń san owó ilé ìwé ọmọ ní ìlú yìí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ pánẹ́ẹ̀lì.

Kì í ṣe pé mo ń sọ pé ká padà sídìí fìtílà o. Èéfín rẹ̀ ń ta ojú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò tó kàwé, afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí, ó ti kú. Àmọ́ ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń lo fìtílà mọ iye epo tó kù nínú ìgò. Ó mọ̀ pé bí òun bá tàn án di ọ̀gànjọ́ lónìí, òun ò ní rí tàn lọ́la. Ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ohun tí èèyàn ń kà, bó ṣe ń ka iṣu nínú abà. Ìdí nìyẹn tí òṣùpá fi níyì tó bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń pa àlọ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀fẹ́ ni.

Nígbà tó yá, epo kẹrosíìnì dé pẹ̀lú àtùpà onígíláàsì. Ó mọ́lẹ̀ ju fìtílà lọ fíìfíì, afẹ́fẹ́ ò sì rí i pa. Ọmọ tó fẹ́ kàwé rí nǹkan kà á. Àmọ́ ẹ wo ohun mìíràn tó bá a wá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ alẹ́ ilé wa máa wá láti inú ilẹ̀ tí ẹnì kankan nílùú ò mọ ibi tó wà. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé. Bí owó rẹ̀ bá gorí, kò sí ohun tí ìyá tó ń rà á ní ṣaworoṣawọ̀rọ̀ lè ṣe sí i. Bí wọ́n bá sì po epo mìíràn mọ́ ọn, ó lè bú gbàmù nínú ilé. Ìmọ́lẹ̀ gbòòrò sí i, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ilé.

Wáyà ló wá tẹ̀ lé e. Ìlú Èkó ló kọ́kọ́ rí i, lọ́dún 1896, pẹ̀lú ẹ̀rọ méjì tí àpapọ̀ agbára wọn jẹ́ kìlówáàtì 60. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i. Lọ́dún 1929, wọ́n dá NESCO sílẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń fi omi tó ń dà láti orí òkè ṣe iná nítòsí Jos. Electricity Corporation of Nigeria bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1951. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n dí odò Ọya ní Kainji. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1964, ó parí lọ́dún 1968, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1969. Omi bo Bùsà àtijọ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì kó èèyàn tó lé ní 40,000 kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn kí àwọn ará ìlú ńlá lè tẹ bọ́tìnì kí iná sì tàn. Lọ́dún 1972, wọ́n pa àjọ méjì pọ̀ di NEPA. NEPA di PHCN, PHCN náà túká. Lóṣù kọkànlá ọdún 2013, wọ́n fa pípín iná lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Orúkọ yí padà léraléra. Lẹ́nu àwa ọmọ aráyé, NEPA ló ṣì ń jẹ́, igbe "Ọ́ọ̀pù NEPA!" ò sì tíì kúrò lẹ́nu àwọn ọmọdé tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú NEPA.

Mi ò ní bú wáyà. Àdéhùn ńlá ni wáyà dá. Ohun tó ń sọ ni pé ọlọ́rọ̀ àti mẹ̀kúnnù á mu nínú odò kan náà. Ẹni tó ní gílóòbù kan àti ẹni tó ní ilé iṣẹ́ ńlá á jọ so mọ́ òpó kan. Bí àdéhùn yẹn bá ṣẹ, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà máa ń mú ìwà kan wọ ilé. Èèyàn á dẹ́kun kíka ìmọ́lẹ̀. Bí iná bá wà, a ó tan gbogbo rẹ̀, tinú tòde. Bí kò bá sí, a ò ní nǹkan kan. Kò sí àárín.

Ẹ wá gbọ́ ìtàn àpótí kan. Lọ́dún 1935, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà pín ohùn rédíò láti ilé dé ilé ní Èkó. Lọ́dún 1939, ó dé Ìbàdàn. Rediffusion lòyìnbó pè é. Àwọn bàbá wa fún un lórúkọ tó dùn ju ìyẹn lọ: Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Àpótí yẹn ò lè mú ìbùdó mìíràn, ohun tí wáyà bá gbé wá nìkan lo máa gbọ́. Wọ́n ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Bí ilé rẹ bá jìnnà sí wáyà, bí o bá wà ní abúlé oko kòkó lẹ́yìn Gbọ̀ngán, kò kàn ọ́. Ẹ ò rí i pé ó jọ iná NEPA? Ẹni tí wáyà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ní ayé.

Kí ló gba àgbẹ̀ sílẹ̀? Ṣé wọ́n fa wáyà dé oko ni? Rárá o. Lọ́dún 1947, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mẹ́ta ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, John Bardeen, Walter Brattain àti William Shockley, ṣe nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń pè ní transistor. Rédíò àtijọ́ ń lo ọ̀pá gíláàsì tó gbọ́dọ̀ gbóná kó tó ṣiṣẹ́, iná tó sì ń jẹ kì í ṣe kékeré. Transistor ò nílò ooru. Lọ́dún 1954, rédíò transistor àkọ́kọ́ dé ọjà. Láàárín ọdún díẹ̀, àgbẹ̀ lè gbé rédíò kọ́ èjìká lọ sóko, kó fi bátìrì ẹsẹẹsẹ mélòó kan gbọ́ ìròyìn àti ewì tí wọ́n ń ka ní Ìbàdàn. Iná ò pọ̀ sí i lóko. Rédíò ló kọ́ bí a ṣe ń jẹun díẹ̀. Báyìí ni Asọ̀rọ̀mágbèsì ṣe kú, tó jẹ́ pé wáyà rẹ̀ náà ló kọ́kọ́ di àlòpatì.

Ọdún 1954 kan náà yẹn, inú ilé iṣẹ́ Bell Labs kan náà, ni Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson ti fi hàn pé sílíkọ́ọ̀nù lè sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná mànàmáná. Ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn ló rí mú. Ẹ gbọ́ ohun tó gbé Chapin dé ìdí iṣẹ́ náà: bátìrì tí wọ́n ń lò fún tẹlifóònù níbi tó jìnnà ń tètè bàjẹ́ nílẹ̀ olóoru, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún ọ̀rinrin. Irú ilẹ̀ tiwa nìyẹn. Wàhálà ilẹ̀ olóoru wà nínú ohun tó bí pánẹ́ẹ̀lì, ó wá gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó rí ọ̀nà dé orí páànù wa.

Owó ló dá a dúró. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń bẹ̀rẹ̀, wáàtì kan pánẹ́ẹ̀lì ń lọ sí bíi dọ́là 100. Elliot Berman àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ já a wálẹ̀ sí bíi 20. Lónìí, kò tó ìdajì dọ́là. Kó tó dé ilẹ̀, òfuurufú ló kọ́kọ́ lọ. Lóṣù kẹta ọdún 1958, Amẹ́ríkà ju sátẹ́láìtì kékeré kan sókè, Vanguard 1, tí pánẹ́ẹ̀lì wà lára rẹ̀. Ilé wo ló tún jìnnà sí wáyà ju ìyẹn lọ? Ó ń fi ìró ránṣẹ́ títí di ọdún 1964. Ẹ sì mọ iye tí ẹ̀rọ tí oòrùn ń gbé ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ ń lò? Ẹ pín wáàtì kan sí ọ̀nà 1,000, kẹ́ ẹ mú ọ̀nà 5 níbẹ̀. Kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa lọ bá wọn ṣe tiransífọ́mà lókè ọ̀hún.

Kí ẹ má rò pé oyìnbó nìkan ló ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Abdou Moumouni Dioffo, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger tó gbé ayé láti 1929 sí 1991, jẹ́ onímọ̀ físíìsì tó gbà pé oòrùn ló yẹ kí Áfíríkà gbójú lé. Ó darí ONERSOL ní Niamey, àjọ ìjọba tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbómikaná àtàwọn ẹ̀rọ mìíràn tó ń lo oòrùn. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ, tẹlifíṣọ̀n ilé ìwé ti ń fi pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ṣiṣẹ́ ní Niger. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì Niamey ń jẹ́ lónìí. Aládùúgbò wa ni wọ́n o, ilẹ̀ wọn ló wà lókè tiwa. A kàn ní epo rọ̀bì, a ò sì rí ìdí tó fi yẹ ká máa wo ojú oòrùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí kìlówáàtì 60 yẹn. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. ENIAC, kọ̀ǹpútà ńlá tí Amẹ́ríkà fi han ayé lọ́dún 1946, ń jẹ nǹkan bíi kìlówáàtì 150. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì gbogbo iná tí Èkó fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní wọ́n gbé e wá sí Èkó ìgbà náà, kò ní lè tàn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà níwájú mi ń jẹ bíi wáàtì 45, ìṣirò tó sì ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ENIAC ò lè ṣe é tán ní ọjọ́ mélòó kan. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí gílóòbù. Èyí tí a dàgbà bá ń jẹ wáàtì 60, ooru ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń mú jáde. Gílóòbù LED wáàtì 9 ń mọ́lẹ̀ tó o. Àwọn ará Japan tó ṣe iná aláwọ̀ búlúù tó mú LED funfun ṣeé ṣe, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2014. Ó yẹ kí ọmọ Gbọ̀ngán mọ orúkọ wọn ju orúkọ ọ̀pọ̀ mínísítà iná lọ.

Àmọ́ ká tó dé ìdí sólà, a gba ojú ọ̀nà mìíràn. Jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí NEPA ò ṣeé gbójú lé mọ́, oníkálukú ra èyí tí agbára rẹ̀ ká. Àwa la sọ kékeré rẹ̀ ní "I better pass my neighbour", ẹ̀gàn àti ìyangàn nínú gbólóhùn kan. Jẹnẹrétọ̀ gbà wá lọ́wọ́ wáyà, kò gbà wá lọ́wọ́ ìwà wáyà. A ò dín ohun tí à ń lò kù, epo la kàn ń da sí i. Gílóòbù wáàtì 60 náà ló ń tàn, fìríìjì àtijọ́ náà ló ń hàn. Èéfín rẹ̀ ti pa ìdílé odindi sójú oorun. Ariwo rẹ̀ ò sì jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà kan kúrò ní ohun tí kò tó náírà 200, ó fò kọjá 500. Ọjọ́ yẹn ni jẹnẹrétọ̀ ọ̀pọ̀ ilé sùn, tí kò jí mọ́.

Bí sólà ṣe kún ìgboro nìyẹn. Kì í ṣe nítorí pé a fẹ́ràn igbó àti afẹ́fẹ́ tútù, ìṣirò ló sún wa dé ibẹ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ka tèmi. Kọ̀ǹpútà wáàtì 45 fún wákàtí 8 jẹ́ wáàtì-wákàtì 360. Gílóòbù mẹ́rin, wáàtì 9 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 5, jẹ́ 180. Fáànù tó ń lo bátìrì tààrà, wáàtì 20 fún wákàtí 10, jẹ́ 200. Ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì 60, fóònù méjì 30. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 830 lójúmọ́. Pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 300 méjì, bí oòrùn bá ràn dáadáa fún wákàtí 4, tí a sì yọ ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, á mú nǹkan bíi 1,800 wá. Lákòókò òjò, ó lè dín kù sí ìdajì. Ó ṣì tó, ló bá kù díẹ̀ kó máà tó. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó ń gba 2,400 á gbé mi di ọjọ́ kejì bí ojú ọ̀run bá ṣú. Báyìí ni mo ṣe ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó wà lókè òkun láti Gbọ̀ngán, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá iná wà.

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Kò sí àyọ́ọ̀nù, tó ń jẹ wáàtì 1,000. Kò sí ìkòkò ìgbómikaná oníná, tó lè jẹ 2,000. Wákàtí kan pẹ̀lú àyọ́ọ̀nù nìkan ju gbogbo ohun tí mò ń lò lójúmọ́ lọ. Èèyàn á wá kọ́ àṣà tuntun. Ọ̀sán gangan ni mo máa ń fa omi, nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, tí bátìrì sì ti kún. Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń bo pánẹ́ẹ̀lì, màá gùn ún lọ nù. Ní alẹ́, mo mọ iye tó kù nínú bátìrì gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ṣe mọ epo tó kù nínú ìgò. Ohun tí wáyà mú ká gbàgbé nìyẹn, sólà ló tún rán wa létí. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.

Bí mo bá dákẹ́ síbí, ìtàn á dùn, àmọ́ kò ní pé. Lọ́jọ́ kan mo bá ìyá kan tó ń lọ ata sọ̀rọ̀ nítòsí ọjà. Mo ní, "Màmá, ẹ ò ṣe ra sólà?" Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ṣé sólà tìẹ yẹn á lọ ata?" Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Ẹ̀rọ ìlọta tó ní mọ́tò horsepower 2 ń fẹ́ wáàtì 1,500, ó kéré tán. Bátìrì mi á kú láàárín wákàtí kan àtààbọ̀. Iṣẹ́ tèmi ti kọ́ bí a ṣe ń jẹun díẹ̀, ata ò tíì kọ́ ọ. Ata á líle bó ṣe ń le nígbà ayé Aláàfin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti alágbẹ̀dẹ tó ń jó irin, ti àwọn tó ń rin gbágùúdá, ti ìyá tó ń ta ẹja dídì. Àwọn tó ń fi agbára iná ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ló nílò wáyà jù, àwọn náà ni kò sì lówó láti kúrò lára rẹ̀.

Ibí lọ̀rọ̀ ti kan gbogbo wa. Tí ẹni tó lówó bá gun orí páànù lọ tó sì gbàgbé wáyà, ta ló máa bá àwọn tó kù pariwo? Ta ló máa dá sí owó tiransífọ́mà tí àdúgbò ń dá? Owó ìtọ́jú òpó àti wáyà ò dín kù nítorí pé èmi ti kúrò, orí àwọn tó ṣẹ́ kù ló ń wó lé. Bí owó iná bá wá gorí, ẹlòmíràn tó rọ́wọ́ mú á tún kúrò. Díẹ̀díẹ̀, wáyà á di ti aláìní nìkan, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun tó bá jẹ́ ti aláìní nìkan nílẹ̀ yìí. Èmi gan-an ò sì tíì kúrò tán. Ètò tí mò ń kọ, orí kọ̀ǹpútà ńlá nílẹ̀ òkèèrè ló ti ń ṣiṣẹ́, wáyà tó nípọn ju gbogbo tiwa lọ ló sì ń bọ́ ọ. Òpó íntánẹ́ẹ̀tì tí mo gbára lé náà ń jẹ iná tirẹ̀. Kò sí ẹni tó dá wà bó ṣe rò.

Bátìrì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òjé ló kún inú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé wa. Bó bá kú, àwọn kan máa ń rà á lọ yọ́ fún òjé inú rẹ̀. Ní Ògijó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì pọ̀ sí, wọ́n ti rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé àyíká ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó mọ́ nínú ilé kan lè di májèlé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń ka wáàtì, kó ka ìyẹn náà mọ́ ọn.

Ṣé ọ̀nà kan ò wá sí láàárín wáyà ńlá tó ń dà wó àti òrùlé ẹnì kan? Ó wà. Ní Gbamu Gbamu, ìletò àwọn alákòókó ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wáyà ìjọba ò dé ibẹ̀ rí. Lọ́dún 2018, iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Rubitec ṣí ibùdó iná oòrùn kan síbẹ̀, kìlówáàtì 85, fún gbogbo ìletò. Wáyà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà tí wọ́n mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí ni. Ẹ fi wé Èkó: ìletò kan lóko kòkó ní iná tó ju èyí tí olú-ìlú àwọn òyìnbó fi bẹ̀rẹ̀ lọ. Òfin náà ò dí wa lọ́nà. Ó pẹ́ tí òfin Nàìjíríà ti gbà pé ẹni tí iná tó ń ṣe níbì kan ò bá ju mẹ́gáwáàtì kan lọ kò nílò láìsẹ́ǹsì. Òfin iná tuntun tí ààrẹ buwọ́ lù lóṣù kẹfà ọdún 2023 sì fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò iná tiwọn.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́, iṣẹ́ tó bá lè kọ́ bí a ṣe ń jẹun díẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbé e kúrò lórí wáyà: ìmọ́lẹ̀, fáànù, fóònù, kọ̀ǹpútà. Òrùlé ẹnì kan tó gbogbo ìyẹn. Ìkejì, iṣẹ́ tí kò lè jẹun díẹ̀, irú bíi lílọ ata, rírin gbágùúdá, jíjó irin àti dídi ẹja, ẹ má jẹ́ ká sọ fún àwọn tó ń ṣe é pé kí oníkálukú lọ wá tirẹ̀ wá. Àdúgbò ló lè ṣe ìyẹn, àgbájọ ọwọ́ la sì fi ń sọ̀yà. Bí àdúgbò kan ní Gbọ̀ngán bá lè dáwó ra tiransífọ́mà tí kò ní jẹ́ tiwọn lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á tán, mi ò rí ìdí tí wọn ò fi lè dáwó sí pánẹ́ẹ̀lì tó máa jẹ́ tiwọn. Àwa tí a mọ ìṣirò rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ìyá alọta, ká bá wọn kà á.